Igi Tí Kò Gbé Nǹkan Kan

Ẹ má sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀. Gbogbo ẹbí ọkọ mi ló ti sọ ọ́ tán, títí kan àwọn tí mi ò mọ̀ rí, tí wọ́n ń pè mí lórí fóònù, tí wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Mo ti fara balẹ̀ tó. Látìgbà tí mo ti di ìyàwó ilé wọn, kí n fara balẹ̀ ni iṣẹ́ mi. Ó tó gẹ́ẹ́.

Èmi àti ọkọ mi, iṣẹ́ kan náà là ń ṣe. Òrùlé là ń ṣírò. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ́ ilé ìtajà ńlá tàbí ilé ìkẹ́rùsí, tí kò fẹ́ kí òpó kankan dúró láàárín ẹ̀, ọ́fíìsì wa ló ń bọ̀. Àwa la máa sọ bí igi tàbí irin òrùlé yẹn ṣe máa tò, èyí tó máa nípọn, èyí tó máa tín-ín-rín, àti ibi tí wọ́n ti máa dè é pọ̀. Ibẹ̀ náà la ti pàdé. Tábìlì ẹ̀ kọjú sí tèmi. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì, torí kì í gbóhùn sókè, kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Bó bá tiẹ̀ rí àṣìṣe nínú iṣẹ́ èèyàn, á rọra yí ìwé yẹn sọ́dọ̀ onítọ̀hún, á fi pẹ́ńsù tọ́ka sí i, á dákẹ́. Ìwà yẹn ni mo rí tí mo fi gbà láti fẹ́ ẹ. Ẹ wá wo ohun tójú mi rí.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni gbogbo wa ń pè ní Bùrọ̀dá. Bàbá wọn kú nígbà tí ọkọ mi ò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Bùrọ̀dá ló tọ́ ọ, òun ló rán an níwèé. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó ṣe bàbá fún un. Àga àti tábìlì ló ń tà. Ilé àtijọ́ kan ló fi ṣe ilé ìtajà, ilé ilẹ̀ gbọọrọ, bíríkì ni ògiri ẹ̀, táìlì alámọ̀ tó wúwo ló wà lórí ẹ̀. Iwájú ni wọ́n ti ń tajà. Lẹ́yìn, wọ́n fi pátákó pín yàrá kan, ibẹ̀ ni ìyá wọn ń gbé látìgbà tí Màmá ti ṣubú tí eegun ìbàdí ẹ̀ ṣẹ́. Ìyàwó Bùrọ̀dá, ìyálé mi, ló ń tọ́jú ẹ̀ lọ́sàn-án. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ọkọ mi á gba ibi iṣẹ́ lọ síbẹ̀, á fún Màmá lóúnjẹ, á jókòó tì í. Gbogbo èèyàn ló ń yìn ín pé ọmọ dáadáa ni. Èmi náà ń yìn ín.

Iṣẹ́ kan wọ̀ mí lọ́rùn, mi ò lọ kí Màmá fún ìgbà díẹ̀. Ọjọ́ Sátidé tí mo wá ráyè lọ, mo wọ ilé ìtajà yẹn, mo rí i pé ó ti ga ju bó ṣe wà lọ. Mo gbójú sókè. Wọ́n ti tú àjà dànù. Wọ́n so iná rìbìtì rìbìtì kọ́ sára igi òkè. Ó dùn ún wò, mi ò ní tan yín. Mo wá wò ó lẹ́ẹ̀kejì, mo rí ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lókè yẹn tẹ́lẹ̀, torí òun ló dá gbogbo ìjà yìí sílẹ̀. Férémù igi ló gbé òrùlé yẹn, wọ́n tò tẹ̀léra láti iwájú dé ẹ̀yìn. Férémù kọ̀ọ̀kan ní igi méjì tó dagun, tí orí wọn pàdé lókè. Igi gígùn kan dábùú nísàlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì mú. Àwọn igi kéékèèké wà láàárín, wọ́n pín inú ẹ̀ sí onígun mẹ́ta onígun mẹ́ta. Bó o bá kan igi mẹ́rin pọ̀ ní onígun mẹ́rin tó o sì fọwọ́ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, á wọ́. Ti onígun mẹ́ta kì í wọ́, àfi bí igi kan bá ṣẹ́ tàbí bí ojú ìdè kan bá já. Ìyẹn ni ìpìlẹ̀ gbogbo iṣẹ́ tí èmi àti ọkọ mi ń ṣe, òun ni wọ́n fi ń san owó oṣù fún wa. Nínú férémù bẹ́ẹ̀, igi tí kò bá ń ti nǹkan, ó ń fa nǹkan ni. Kò sí èyí tó wá ṣeré níbẹ̀.

Igi ìdábùú, Bùrọ̀dá ti rẹ́ gbogbo ẹ̀ dànù, pátá. Ó rẹ́ àwọn kéékèèké mọ́ ọn. Ó wá ku igi méjì méjì tó forí kanra lókè, tí kò sí ohun tó di ẹsẹ̀ wọn mú mọ́.

"Ìyàwó, o ti rí i?" Bùrọ̀dá ní. Inú ẹ̀ ń dùn. "Àwọn oníbàárà bá wọlé báyìí, wọ́n á kọ́kọ́ gbójú sókè ná."

"Ẹ kú iṣẹ́, Bùrọ̀dá. Àwọn igi ìdábùú ńkọ́?"

Ó mú mi lọ sídìí tábìlì gbọọrọ kan láàárín ilé ìtajà. Ó ti fá a, ó ti kùn ún, ó ń dán. Ó fọwọ́ pa á bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ lórí. "Òun rèé. Igi gidi, irú ẹ̀ ò sí mọ́ níbi tí wọ́n ti ń ta pákó. Bí mo bá fi í sílẹ̀ lókè níbẹ̀, kí ló ń ṣe? Kò gbé nǹkan kan. Eruku àti eku ló wà lórí ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Mo rọ ohùn mi, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bùrọ̀dá, igi yẹn kì í gbé nǹkan lóòótọ́. Ó ń fa nǹkan ni. Táìlì wúwo, ó ń tẹ àwọn igi òkè mọ́lẹ̀, wọ́n fẹ́ yasẹ̀. Igi ìdábùú yẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n yà á. Ní báyìí tí kò sí mọ́, ògiri ni wọ́n ń tì síta."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìwé tí mo kà ló ń dẹ́rù bà mí. Ìyálé mi, tó ń nu àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, dá sí i. "Ìyàwó, bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Má dá wàhálà sílẹ̀ láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ṣebí ọkọ ẹ náà ń wá síbí lójoojúmọ́. Ojú ẹ̀ la ṣe rẹ́ ẹ. Ṣé òun ò kàwé ni?"

Nínú mi, mo ní irọ́ ni. Èmi àti ọkọ mi, kódà bóòtù tí wọ́n bá fi sílẹ̀ láìdè níbi iṣẹ́, a máa ń sọ ọ́ lórí oúnjẹ. Ṣé ó wá rí irú èyí kó má sọ fún mi? Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ kí Màmá.

Ilẹ̀kùn yàrá Màmá ò ṣí. Èjìká ni mo fi tì í. Tẹ́lẹ̀, ìka kan ni wọ́n fi ń ṣí i. Bùrọ̀dá ti fi pílíúùdù ṣe àjà tuntun sí yàrá yẹn kí òtútù má bàa mú Màmá, lára àwọn igi òkè kan náà ló so ó kọ́. Lókè orí bẹ́ẹ̀dì, ògiri ti là. Ó fẹ̀ lókè tó bẹ́ẹ̀ tí mo ki ìka bọ̀ ọ́, ó wá ń tín-ín-rín bọ̀ nísàlẹ̀. Bí ògiri bá là báyìí, kò sí ohun méjì tó ń sọ. Orí ẹ̀ ti ń lọ síta.

Màmá ní kí n jókòó, ó ní mo ti rù, ó ní iṣẹ́ ọ́fíìsì fẹ́ pa mí. Orí ẹ̀ pé ju tèmi lọ, ara ẹ̀ nìkan ni kò gbé e. Mo mú ọ̀pá méjèèjì tí ọsibítù fún un pé kó máa fi rìn. Mo fi orí wọn kanra lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fi síkáàfù ẹ̀ de ẹsẹ̀ wọn pọ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ tẹ orí ẹ̀." Ó tẹ̀ ẹ́, kò lọ síbì kan. Mo tú síkáàfù, mo di orí wọn mú, mo ní kó tún tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pá méjèèjì yọ̀ lọ, ọ̀kan gbá ife tíì.

"Ẹsẹ̀ ló yọ̀," Màmá ní. "Bíi tèmi lọ́jọ́ yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Síkáàfù yẹn ni Bùrọ̀dá rẹ́ dànù lórí yín. Ẹ jẹ́ ká gbé yín lọ sílé wa lónìí."

Ó ká síkáàfù ẹ̀ tán. Ó wá ní, "Bí wọ́n bá gbé mi jáde lọ́sàn-án gangan, gbogbo àdúgbò á bèèrè pé kí ló dé. Kí ni wọ́n máa sọ? Pé ilé tí àkọ́bí mi fi mí sí fẹ́ wó pa mí? Mi ò ní fọwọ́ ara mi ba ọmọ mi lórúkọ jẹ́." Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó gbé ọwọ́ sókè. "Àti pé, ìyàwó mi, ṣebí ọkọ ẹ náà mọ̀ nípa òrùlé. Bó bá ti fún mi lóúnjẹ tán, á wo ògiri yẹn dáadáa, á mú pẹ́ńsù, á kọ nǹkan sí i. Ó ń ṣọ́ mi. Bí ewu bá wà níbẹ̀, ṣé ọmọ mi á máa wò mí kí n máa sùn sábẹ́ ẹ̀?"

Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì.

Ní iṣẹ́ wa, bí ògiri bá là, a máa ń fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré síbi tó là dé, a ó kọ ọjọ́ sí i. Bí a bá padà wá tó ti kọjá ìlà yẹn, a mọ̀ pé ilé yẹn ń rìn. Ìlà kan ti tó láti mọ̀. Ìlà kejì, o ti gbọ́dọ̀ máa kó èèyàn jáde. Àwọn tí mo rí lára ògiri yẹn tò lọ sísàlẹ̀ bí àtẹ̀gùn, ọjọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ́ńsù ẹ̀ mú, ìlà ẹ̀ tọ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé tí mo ti ń rí láti tábìlì tó kọjú sí tèmi ni. Èyí tó kẹ́yìn, ti àná, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí bẹ́ẹ̀dì.

Inú bí mi débi pé ojú mi ṣú. Mi ò sọ fún Màmá. Ẹnu ọmọ ẹ̀ ni mo fẹ́ kó ti jáde. Mo ní mò ń bọ̀, mo jáde. Òjò ti ṣú bolẹ̀, bẹ́ẹ̀ táìlì alámọ̀ máa ń mu omi, á sì tún wúwo sí i.

Mo bá ọkọ mi nílé níbi tó ti ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì. Mo ní, "O rí igi ìdábùú tí Bùrọ̀dá rẹ́."

Ó yọ áyọ́ọ̀nù lára iná. Ó ní, "Mo rí i."

"Kí lo sọ?"

"Mo fẹ́ sọ ọ́. Ìgbà tó wọ̀ ni mò ń wá."

Mo ní kó tún un sọ, ó sì tún un sọ, jẹ́jẹ́. Ó ní ògiri yẹn nípọn. Ó ní kò yára. Ó ní òun ń wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́, bó bá ti dé ibì kan, òun á sọ fún Bùrọ̀dá.

"Ibo?" Mo nawọ́ sí ògiri ilé wa. "Fi hàn mí. Ṣé bó bá dé irọ̀rí Màmá ni, àbí bó bá dé ọrùn ẹ̀?"

Ó ń to bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé òun là ń sọ.

"Kò lè yé ẹ," ó ní. "Ọkùnrin yẹn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà. Kò jẹun kí n lè jẹun. Inú ẹ̀ ń dùn sí ilé yẹn bí ọmọdé. Ṣé èmi ni màá wá dúró níwájú ìyàwó ẹ̀ àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, màá ní ó ti fọwọ́ ara ẹ̀ ba ilé ẹ̀ jẹ́? Kò bi mí léèrè. Ká ní ó bi mí ni, ǹ bá sọ."

"O wá ń lọ fa ìlà sórí ìyá ẹ."

"Mò ń ṣọ́ ọ."

"Wíwò lò ń wò ó. Ẹni tó ń ṣọ́ èèyàn a máa pariwo. Má pe èyí ní ìbọ̀wọ̀ fún mi. Ojo ni ẹ́." Báyìí gan-an ni mo ṣe sọ ọ́, mi ò sì tíì tọrọ àforíjì títí dòní. "Wọ bàtà ẹ ká lọ. Bó ò bá lọ, èmi á lọ sùn ti Màmá lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, kó o lè wá máa wọ̀n ọ́n sí àwa méjèèjì lórí lọ́la."

Ó wọ bàtà.

Òjò ti ń kán nígbà tá a débẹ̀. Mo ní kí Bùrọ̀dá àti ìyálé mi jọ̀ọ́ wá sí yàrá Màmá, pé àbúrò wọn ní ọ̀rọ̀ sọ. Yàrá yẹn kéré, gbogbo wa dúró yí bẹ́ẹ̀dì ká. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ó dúpẹ́ ilé ìwé, ó dúpẹ́ oúnjẹ, ó dúpẹ́ bàtà. Orí òrùlé ni òjò ń rọ̀ ní gbogbo ìgbà tó ń dúpẹ́ yìí. Mo fẹ́ gbá a létí.

"Ohun tó o wá sọ, sọ ọ́," Màmá ní. "Sọ ọ́ sókè, etí mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́."

Ó wá sọ ọ́. Ó ní kò yẹ kí wọ́n rẹ́ àwọn igi yẹn. Ó ní òrùlé ń ti ògiri síta, pé yàrá yìí ò ṣeé sùn sí, pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti rẹ́ ẹ lòun ti mọ̀.

Bùrọ̀dá ń wo ẹnu ẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. "O wà níbẹ̀," ó ní. "O bá mi di apá kan igi yẹn mú nígbà tí wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. O ní kí n rọra, kí n má fi ṣèṣe."

Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi tẹ́lẹ̀. Mo wo ọkọ mi. Kò wo ojú mi.

Bùrọ̀dá lọ sídìí ògiri, ó ki ọwọ́ bọ ibi tó là. Mi ò rò pé ó ti wò ó rí, kó wò ó tòótọ́. Ọkùnrin tó ń fi mí rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, ojú ẹ̀ yí padà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó pe àwọn káfíńtà ẹ̀, ó ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀, kí wọ́n kó òpó wá, kí wọ́n kó okùn irin wá, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé ìtajà. Ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Màmá, mi ò mọ̀. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, mi ò mọ̀."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀," Màmá ní. Ó fọwọ́ kàn án lórí. "Dìde, lọ fi òpó tì í."

Kí n tiẹ̀ sọ ọ́ kí ọkàn yín lè balẹ̀: òrùlé yẹn ò wó. Wọ́n fi òpó gbé e lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì ti fi igi ìdábùú tuntun sí i. Ìdí nìyí tí àwọn ẹbí fi ń pè mí pé ṣebí kò wó, kí ló tún kù. Ohun tó kù ni mo fẹ́ sọ yìí.

Nígbà tí Bùrọ̀dá jáde, Màmá yíjú sí ọkọ mi. "Ohun tó ò ń kọ yẹn, kí ni?"

"Mò ń wọ̀n ọ́n ni, Màmá. Bó ṣe ń gùn sí i."

"Ó ń gùn sí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Gbogbo ọjọ́ tó o kọ ọ́, o mọ̀ pé ó ń gùn sí i. O wá ń kí mi pé ó dàárọ̀, ò ń lọ sùn sílé ẹ."

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n gbé yín jáde, Màmá," ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Màmá fọwọ́ ara ẹ̀ yọ ọwọ́ yẹn kúrò. Kò fi agbára yọ ọ́. Ó yọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń yọ òwú lára aṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ò mọ̀," ó ní. "Ìwọ mọ̀."

Ó ní, "Ìyàwó mi, wá gbé mi." Mo bẹ̀rẹ̀, ó dì mọ́ mi lọ́rùn, mo gbé e. Kò wúwo rárá. Ìyálé mi da aṣọ ìbora bò ó, ó ṣí agboòrùn lé wa lórí, a sì la àgbàlá kọjá lọ síbi tí wọ́n ń kó pákó sí, níbi tí òrùlé ò ti wúwo ju páànù lọ. Gbogbo ara Màmá ń gbọ̀n. Mo rò pé òtútù ni, mò ń bẹ̀ ẹ́ pé a ti fẹ́ débẹ̀. Ó gbé ẹnu sétí mi.

"Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́," ó ní. "Mo máa ń sọ fún un pé kó kọ ọ́ kó tóbi, kémi náà lè máa rí bó ṣe ń ṣọ́ mi."